Oògùn Ṣúgà Tó Tún Ń Ṣọ́ Ọkàn: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ìpàdé Ẹgbẹ́ Sọ

   Àwọn tí kò ráyè wá sí ìpàdé ló ní kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ẹgbẹ́, bí a ṣe sọ ọ́ náà la sì ṣe kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó kà á sí i létí.

Ẹ má bínú pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìdáwó la fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìyẹn ṣì ń bọ̀, a ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ìlera ni ti òní. Àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe dókítà, ìwé mẹ́fà péré la kà. Ṣùgbọ́n dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa lábẹ́ àtíbàbà, a bi wọ́n léèrè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wọn. Ohun tí a gbọ́, tó sì yé wa, la fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta èlùbọ́ ló fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, ó kàn ní kí a má dárúkọ òun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà inú rẹ̀ lé ní 300. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, wọ́n sì fún un ní Metformin, hóró funfun, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Ó lò ó fún bí ọdún méjì. Ó dín òkèlè kù, ó jáwọ́ nínú mínírà. Ṣúgà wálẹ̀, nọ́ọ̀sì yìn ín, àwa náà yìn ín. Ló bá ní, "Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún?" A ò ní purọ́ fún yín o, àwa tí a jókòó tì í lọ́jọ́ náà la ní, "Òótọ́ ni, kí oògùn òyìnbó má lọ pọ̀ jù lára." Ó dá oògùn dúró. Kò wọn ṣúgà mọ́, kò wọn bí-pì mọ́. Àgbo inú ìgò kan ló ń mu, èyí tí wọ́n ń polówó rẹ̀ nínú mọ́tò pé ó ń wo àrùn mọ́kànlélógún.

Oṣù kẹsàn-án ni, lọ́jọ́ ọjà, ní àárọ̀. Ó fẹ́ fi kóńgò bu èlùbọ́ fún oníbàárà, ọwọ́ ọ̀tún kò gbéra. Kóńgò bọ́ sílẹ̀. A rò pé ó ń ṣeré ni, àfi ìgbà tí a rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn alábàárù ló gbé e wọ mọ́tò. Lónìí, a dúpẹ́, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ rí i tó jókòó síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló ń wọn èlùbọ́ báyìí.

A bi dókítà pé ṣé oògùn tó dá dúró ló fa rọpárọsẹ̀ yìí. Kò sọ pé òun nìkan ni. Ó ní bí-pì rẹ̀ náà ti ga, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá sọ ohun kan tí a kò gbọ́ rí. Ó ní àwa rò pé ṣúgà nìkan ni oògùn yẹn ń bá jà, nígbà tó jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún ni. Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé délé, òun la sì tún padà lọ bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi rọ́bà tí àwọn olómi ẹ̀yìn ọjà fi ń fa omi ṣe àpèjúwe. Nígbà tí rọ́bà yẹn wà ní tuntun, ó rọ̀, inú rẹ̀ ń dán, omi ń sáré kọjá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú oòrùn, ó gan, ó ń sán, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, omi kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ṣe rí náà nìyẹn. Bí a ti ń dàgbà ló ń le. Kò sẹ́ni tí tirẹ̀ kì í le, àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ṣúgà bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ń yára gbó. Ṣé ẹ mọ bí mínírà ṣe máa ń ṣe bí ó bá dà sórí tábìlì, tí kò sẹ́ni tó nù ún? Yóò gbẹ, yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan báyẹn. Awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú iṣan, tó yẹ kó máa dán, yóò bàjẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yóò ráyè wọ inú ògiri rẹ̀, ọ̀nà yóò wá dín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbi tó dín yẹn, tó bá jẹ́ ní ọkàn, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Tó bá jẹ́ ní ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ní ẹsẹ̀, ẹ mọ àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn alátọ̀gbẹ. Kì í ṣe ìtọ̀ tó ń dùn, kì í ṣe òùngbẹ.

Ẹ wá gbọ́ ti oògùn náà. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ewé dára ju oògùn òyìnbó lọ. Inú ewé ni Metformin ti ṣẹ̀ wá o! Ewéko kan wà nílẹ̀ Yúróòpù, Galega ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú igbó yẹn, ó lè pa àgùntàn tó bá jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní pa èèyàn. Ní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ po Metformin pọ̀ ní Dublin, nílẹ̀ Ireland. Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ní 1957 tí dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, fi tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ, tó sì sọ ọ́ ní Glucophage. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ajẹṣúgà. Ẹ wo páálí tí ẹ ń rà, àwọn kan ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi wá a kó tó di ohun tí a ń gbé mì. Ẹni tó ń ru ìgò kiri nínú mọ́tò, ọjọ́ mélòó ló fi wá tirẹ̀?

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, àní nígbà tí a bá ń sùn. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn kò fi tíì jẹun láàárọ̀ tí ṣúgà rẹ̀ ti ga. Metformin máa ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó rọra. Ó tún ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu. Bó bá sì jẹ́ òun nìkan lèèyàn ń lò, kì í sábà mú ṣúgà já wálẹ̀ débi tí èèyàn yóò fi máa làágùn tí yóò sì ṣubú, bí Daonil ṣe lè ṣe bí a kò bá tíì jẹun.

Ta ló wá sọ pé ó ń ṣọ́ ọkàn? Ìwádìí ńlá kan ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1977 nílẹ̀ Bìrìtéènì, ní Oxford ni olórí rẹ̀ wà. Àwọn alátọ̀gbẹ tó lé ní 5,000 ni wọ́n tọ́jú, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú wọn, wọ́n mú àwọn tó sanra, wọ́n fún 342 ní Metformin, wọ́n ní kí 411 máa fi oúnjẹ ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 1998, àwọn tó lo Metformin, ìkọlù ọkàn fi ìdá 39 nínú 100 dín kù láàrin wọn. Ká sọ ọ́ bí ọlọ́jà: níbi tí 100 bá ti rí ìkọlù ọkàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ, bí 61 ni yóò rí i nínú iye èèyàn kan náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé Metformin mì. Ohun tó ya àwọn dókítà lẹ́nu ni pé àwọn kan wà tó jẹ́ oògùn míràn ni wọ́n lò, ṣúgà tiwọn náà wálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò rí irú àǹfààní yìí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2008, wọ́n tún padà wo àwọn èèyàn náà, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Metformin ṣì sàn ju àwọn yòókù lọ.

A sọ fún yín pé a ò ní purọ́. 342 kì í ṣe èèyàn púpọ̀, àwọn onímọ̀ sì ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí dókítà wa fi ń sọ pé "ó ṣeé ṣe", tí kì í sọ pé "ó dájú".

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò ní àtọ̀gbẹ. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń ra Metformin ní kẹ́míìsì nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń mú ara fúyẹ́, pé kì í jẹ́ kí èèyàn tètè darúgbó. Ìyá kan tilẹ̀ ń pín tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, méjì-méjì, bí ẹni pín gúgúrú. Wọ́n ti dán èyí wò. Ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, wọ́n mú èèyàn 173 tó ní àrùn ọkàn ṣùgbọ́n tí kò ní àtọ̀gbẹ, wọ́n fún àwọn kan ní Metformin fún oṣù 18, wọ́n sì ń wọn bí iṣan ọrùn wọn ṣe nípọn tó. Èsì jáde ní 2014. Kò sí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó lò ó àti ẹni tí kò lò ó. Nítorí náà, ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, tí dókítà kò sì fún un, kí ó fi owó rẹ̀ ra ẹja.

Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, tí kò tíì di àtọ̀gbẹ ńkọ́? Wọ́n wo ìyẹn náà ní Amẹ́ríkà, èèyàn 3,234, èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó ń lo Metformin, iye wọn tó di alátọ̀gbẹ fi ìdá 31 nínú 100 dín kù. Àwọn tó ń rìn fún wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì jò díẹ̀, tiwọn fi ìdá 58 dín kù. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí àpótí láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ ń rán ọmọ lọ ra omi ní ìsọ̀ kejì! Àwa náà wà níbẹ̀. Láti oṣù tó kọjá la ti ń fẹsẹ̀ rìn dé gáréèjì kí a tó wọ mọ́tò, orúnkún ń ké, ṣùgbọ́n a ń lọ.

Àwọn oògùn tuntun náà wà. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn ni Empagliflozin àti Dapagliflozin. Àwọn wọ̀nyí kì í bá ẹ̀dọ̀ sọ̀rọ̀, kíndìnrín ni wọ́n ń bá ṣe, wọ́n ń jẹ́ kí ó da ṣúgà sínú ìtọ̀. Èèpo gbòǹgbò igi ápù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní 1835, ẹ wò ó bí ewé àti egbò ṣe ń bá wa rìn. Ní 2015, wọ́n dán Empagliflozin wò lára àwọn alátọ̀gbẹ tó lé ní 7,000, tí àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ikú tí àìsàn ọkàn àti iṣan ń fà fi ìdá 38 nínú 100 dín kù. Ní 2019, wọ́n rí i pé Dapagliflozin ń ran àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára láti fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ alátọ̀gbẹ, ì báà má jẹ́ alátọ̀gbẹ. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ṣúgà tó wálẹ̀ nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé fi irú oògùn yìí kún àwọn tó yẹ kó wà ní gbogbo ìlú. Kó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí kó wà lápò wa. Ó wọ́n ju Metformin lọ fíìfíì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kó má torí rẹ̀ pa Metformin tì. Abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń rí lórí fóònù, èyí tí wọ́n fi ń jò, oògùn gidi ni, ó ní ti ọkàn nínú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Kó tó di pé ẹnì kan á sọ pé akọ̀wé ni kí a máa gbé oògùn mì bí ẹ̀wà, ẹ jẹ́ ká sọ ewu rẹ̀. Metformin lè da inú rú, ìgbẹ́ gbuuru lè dé ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí a máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe lórí òfìfo. Tí ara kò bá gbà á, dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ irú rẹ̀, kì í ṣe ká jù ú nù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó lè má yẹ fún un, ìdí tí wọ́n fi ń ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín nìyẹn, wọn kò fẹ́ jẹ wá lówó. Bí èèyàn bá ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gan-an, kó yára bi dókítà bóyá kó dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé paraga ládùúrà àárọ̀, a mọ̀ yín o, ọtí líle àti Metformin kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tìrìrì, kó sọ fún dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé fítámì kan tí wọ́n ń pè ní B12 ti dín kù lára rẹ̀. Àwọn tó ń gba àwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè kí àwẹ̀ tó wọlé, ẹ má fi orí ara yín pín oògùn.

Oògùn bí-pì ńkọ́? Òun náà kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká tẹ ìyẹn mọ́ yín létí ju ti ṣúgà lọ pàápàá.

Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i pé ká yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́, a sì ti ra ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà kan àti ẹ̀rọ bí-pì kan. Ọ̀dọ̀ akápò ni wọ́n wà. Ní gbogbo Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago méje àárọ̀ kí ọjà tó kún, nọ́ọ̀sì yóò wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn elépo. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ṣúgà, kó má tíì jẹun. Ẹ mú káàdì ọsibítù yín dání, ẹ sì mú páálí oògùn tí ẹ ń lò wá, àní bó ti tán, kí nọ́ọ̀sì lè rí orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ti dá tirẹ̀ dúró, kó mú páálí àtijọ́ wá, a ò ní fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n wa eléèlùbọ́ ni yóò jókòó síbi tábìlì, òun ni yóò máa gba káàdì tí yóò máa kọ orúkọ. Ó ní ọwọ́ òsì òun ti ń mọ̀wé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ní sùúrù fún òun.